Oògùn Tí Mo Lọ Gbọ́ Ìròyìn Rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ìdájí ni mo jáde nílé wa ní Ẹdẹ, kò tíì sí ẹni tó ń gbálẹ̀ ládùúgbò. Egungun ń ro Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀, fòníkú-fọ̀ladìde, ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ìyá mi ló dúró tì í.

“Máa lọ,” ni wọ́n wí. “Bí oògùn bá dé, kó ṣojú rẹ.”

Lọ́dún tó kọjá, àwọn olùwádìí kan ní Ìbàdàn gba ẹ̀jẹ̀ Tèmítọ́pẹ́ àti ti àwọn ọmọ mìíràn, kí wọ́n lè fi wá oògùn tuntun. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe àwa òbí pé ká wá gbọ́ ibi tí iṣẹ́ dé.

Ọkọ̀ wa dúró pẹ́ ní Sẹ́kọ́nà kó tó kún. Kòtò ọ̀nà Gbọ̀ngán fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi níbàdí. Ní Ìkirè, àwọn oníṣòwò sáré gbé dòdò wá sí fèrèsé. Tiwọn yàtọ̀ sí tiwa: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà ni, wọ́n á pò ó mọ́ ata, wọ́n á dín in títí á fi dúdú. Mo rà, mi ò lè jẹ ẹ́.

“Màmá, ṣé kò sí wàhálà?” awakọ̀ bi mí.

“Ó rẹ̀ mí ni, ọmọ mi.”

Kí n tó dé ilé iṣẹ́ àwọn olùwádìí náà ní Ìbàdàn, mo rò pé ìgò àti abẹ́rẹ́ ni màá bá níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni mo bá, àwòrán bí òwú aláǹtakùn bo ojú rẹ̀. Dókítà Adéọlá, ọmọbìnrin tó ń darí iṣẹ́ náà, pe ìmọ̀ tí wọ́n ń lò ní sísítẹ́ẹ̀mù báyọ́lọ́jì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kì í wo ẹ̀yà ara kan ṣoṣo. Wọ́n ń wo bí gbogbo wọn ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó mọ ibi tí oògùn yóò gbà wọlé.

Nígbà tó gbọ́ pé Ẹdẹ ni mo ti wá, ó bi mí pé, “Màmá, bí wọ́n bá dí ọ̀nà Sẹ́kọ́nà, ṣé ẹ ò ní jáde ní Ẹdẹ mọ́?”

“A ó gba Òṣogbo.”

“Bẹ́ẹ̀ ni àrùn ń ṣe. Ẹ dí ọ̀nà kan, á gba òmíràn.”

Ó wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n rí oògùn kan tó tún ẹ̀jẹ̀ ṣe nínú ìgò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi gbogbo àwòrán yẹn ṣe ìṣirò, ó hàn pé yóò ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Wọ́n dán an wò lára eku, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

“A ti dá a dúró,” ni ó wí.

Ọkùnrin kan láàárín àwa òbí, ará Ògbómọ̀ṣọ́, dìde fùú. “Ẹ dá oògùn dúró! Ìrora ọmọ tèmi ńkọ́, ta ni yóò dá a dúró?”

Dókítà ní kó jókòó. Òun náà jókòó tì í. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè fún ọmọ yín ní ohun tí mi ò lè fún tèmi.” Ó wá bẹ̀ wá pé àwọn tún nílò ẹ̀jẹ̀, káwọn lè wá ọ̀nà mìíràn. Èmi ní màá lọ bi Tèmítọ́pẹ́, ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo forí ti fèrèsé. Mo ti rò pé iṣẹ́ ẹni tó ń wá oògùn ni kó rí i. Mi ò mọ̀ pé ó tún gbọ́dọ̀ láyà láti sọ pé, “Èyí kọ́.”

Tèmítọ́pẹ́ wà lórí ẹní nígbà tí mo wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

“Mọ́mì, ká ní wọn ò wo ti ẹ̀dọ̀ yẹn ńkọ́?”

“Wọn ì bá ti fún ẹ lò.”

Ó rọra na ẹsẹ̀, ó rún ojú pọ̀.

“Ẹ ní kí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ìrora ẹsẹ̀ yìí kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀ ná.”