Rìsíìtì Kéèkì

Bí mo bá ti rí agolo bisikíìtì, ohùn Àǹtí tí a jọ gbé ojúlé kan náà ní Sùúrùlérè ló máa ń dún sí mi létí: “Rìsíìtì dà?” Táípíìsì ni wọ́n ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá. Ohunkóhun tí wọ́n bá rà, inú agolo bisikíìtì ni rìsíìtì rẹ̀ ń lọ. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń bá alákàrà jà nítorí rìsíìtì.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì wọn, wọ́n fi owó ara wọn lọ kọ́ ọ. Ẹnìkan wá sọ fún wọn pé ìjọba kì í gba owó orí lórí owó tí èèyàn bá fi kọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe. La bá jọ gba ọ́fíìsì owó orí lọ, tàwọn tagolo.

Akọ̀wé ibẹ̀ gba rìsíìtì kọ̀ǹpútà. Ó fa òmíràn yọ.

“Àǹtí, ẹ̀kọ́ kéèkì rèé. Ṣé kéèkì lẹ fi ń táìpù ni?”

“Rárá o, ọ̀gá. Tí kéèkì bá ti mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa fi táìpù sílẹ̀ fún wọn ni!”

Mo tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

“Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ là ń wò, kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ sá lọ ṣe. Mi ò lè gba tibí yìí.”

Àǹtí ò jà, wọn ò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n kàn ṣí agolo, wọ́n nawọ́.

“Kò burú, ọ̀gá. Ẹ kọ rìsíìtì fún mi pé ẹ ò gbà á.”