Ìgò Tí Abọ́sẹ̀dé Gbé Wọ Ilé Alájà

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Kò sí iwin nínú ìtàn yìí, kò sì sí ẹranko tó ń sọ̀rọ̀. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni mo fẹ́ ròyìn fún yín, Abọ́sẹ̀dé onídìrí, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ní Agbowó.

Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí i nínú sùtánà, láìwọ bàtà, tó ń lọ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kì í le lórí èèyàn. Bó bá ń di irun yín lọ́wọ́, kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti ń sọ ohun tí ẹ ò tíì sọ fún ọkọ yín. Ohun tó mú àwọn ará Yunifásítì wá a wá gan-an nìyẹn.

Ìgbà tí sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ìjọba ni, tí a ń tò lórí ìlà ká tó rí ṣúgà rà. Dókítà Gbádérọ̀, ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa ìlera ní Yunifásítì, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá sí àdúgbò wa. Wọ́n ń ṣe ìwádìí ohun tí àwa ìyá máa ń ṣe bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru.

"Ṣé ara ọmọ le, mà? Ṣé kò yàgbẹ́ gbuuru lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Rárá o, dáadáa la wà."

Ta ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa ka àìsàn ọmọ rẹ̀ fún àlejò? Ni wọ́n bá gba Abọ́sẹ̀dé síṣẹ́, wọ́n kọ́ ọ, ó wá di ẹni tó ń wọ yàrá wa, tòun ti òòyà nínú báàgì, tòun ti ìgò bíà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgò bíà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Omi tí a sè tó ti tutù, ẹ̀kún ìgò bíà ńlá kan; ṣíbí tíì mẹ́wàá ṣúgà; ṣíbí iyọ̀ kan péré, kí a gé orí gbogbo rẹ̀ kó tẹ́jú. Ká máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀, torí omi ara rẹ̀ ló ń tán lọ. Àwa tẹ́lẹ̀, omi gan-an la máa ń gbà lẹ́nu rẹ̀. A rò pé ohun tó bá mu ló ń yà.

Alájà Ràfátù ló ni ilé tí mo ń gbé. Mínírà ló ń tà níwájú ilé. Sìgá gan-an, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣáná sí i lọ́dọ̀ rẹ̀, ká má tíì sọ ti ọtí. Lọ́jọ́ kan, Sìkírátù ọmọ rẹ̀ sáré gbé Sàídì, ọmọ ọwọ́ tirẹ̀, dé láti Òjóò. Wọn ò tíì já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Láti àná ló ti ń yàgbẹ́ bí omi. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ti wọlé, ojú rẹ̀ ti jìn, ọrùn rẹ̀ ò dúró mọ́, kò sì tọ̀ láti òwúrọ̀.

Mo sáré pe Abọ́sẹ̀dé. Ó fi irun ẹni tó ń dì sílẹ̀ ní ìdajì. Ó fọwọ́, ó kó ṣúgà, ó kó iyọ̀, ó wá fa ìgò yọ.

"Kí nìyẹn?" Alájà bi í.

"Mo fi ń wọn omi ni, mà."

"Mo ní ìgò kí ni! Àbí o rò pé nítorí mi ò kàwé, mi ò mọ ìgò bíà? Àsìtàgàfúrúlàì! Nínú ilé tí mo ti ń kírun?"

"Mo ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, Alájà."

"Kódà kí o fi omi òkun fọ̀ ọ́! Aláṣọ funfun, ìgò bíà lábẹ́ abíyá! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì yín nìyẹn?"

Mo dá sí i. "Alájà, ẹ wo ojú ọmọ yìí."

"Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá, ẹ bá mi gbé ẹnu yín sọ́hùn-ún!"

Sìkírátù bú sẹ́kún. Abọ́sẹ̀dé ò bínú, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Kí la ó wá fi wọ̀n ọ́n? Tí iyọ̀ bá pọ̀ ju omi lọ, yóò pa ọmọ lára."

"Ṣé ìgò tán láyé ni? Wo iwájú ilé mi! Gbogbo kéréètì tó wà níta yẹn, ṣé ọtí ni mò ń tà?"

Abọ́sẹ̀dé fò dìde. "Alájà! Ọlọ́run ló fi í sí yín lẹ́nu!"

Ó gbé ìgò bíà rẹ̀ jáde. Lẹ́nu ẹ̀rọ omi níta, ó pọn omi kún ìgò mínírà méjì, ó dà á sínú ìgò bíà. Ó kún un dé ọrùn gẹ́lẹ́: ìgò mínírà méjì ló ṣe déédéé ìgò bíà kan. Ó fi ìgò ọtí sílẹ̀ síta níbẹ̀, kò jẹ́ kó tún kọjá ẹnu ọ̀nà. Alájà fúnra rẹ̀ ló fọ ìgò mínírà méjèèjì, ó rọ omi sísè tó ti tutù kún wọn, òun náà ló bu ṣúgà, Abọ́sẹ̀dé ń gé orí ṣíbí.

Ọmọ pọ àkọ́kọ́ dànù. "Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀," Abọ́sẹ̀dé wí, "ká tún bẹ̀rẹ̀." Ṣíbí kan, ká sinmi, ṣíbí kan. Ìrun alásárì ti ń sún mọ́ nígbà tí Alájà, tó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, fi igbe ta. Gbogbo wa sáré bò ó.

"Ó tọ̀! Ó tọ̀ sí mi lára! Alíhàmúdùlílàì!"

Ó ń jó kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìró tútù lára. Abọ́sẹ̀dé kò jẹ́ kí ijó yẹn gùn. Ó ní ká ṣì gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, ó sì bá wọn lọ. Nígbà tí Dókítà Gbádérọ̀ gbọ́, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ìgò tí onílé bá fẹ́ ni kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún òun kọ́kọ́ béèrè.

Nígbà tí ara Sàídì yá, Alájà ṣe sàráà. Abọ́sẹ̀dé jókòó lórí ẹní láàárín wa. Àáfà béèrè ẹni tó bí i, kó lè fi sí àdúrà.

"Ta ló bí ọ, ọmọ mi?" Alájà bi í, ó ti dì í lọ́wọ́ mú.

"Àtọ́kẹ́ ni, mà."

Àáfà gbàdúrà fún Abọ́sẹ̀dé ọmọ Àtọ́kẹ́, ó gbàdúrà fún àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́. Gbogbo ilé ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n àmín Abọ́sẹ̀dé ló ròkè jù, àfi bí ẹni tó wà lórí òkè àdúrà. Àáfà dúró, ó rẹ́rìn-ín.

"Alájà, wọ́n ti gbọ́ tèyí lókè."