Ta Ló Sá Nínú Ogun Bàbá?

Obìnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa tí à ń pè ní Ìyá Àmì. Bí àmì ohùn kan bá já bọ́ lórí ọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, Ìyá Àmì á gbọ́ ìró rẹ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ti fi ojú tún ìwé àwọn èèyàn ṣe títí ojú náà fi di bíńtín, awò rẹ̀ sì wúwo débi pé imú rẹ̀ ń béèrè ìsinmi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", torí ó tó ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Gbogbo àgbà inú ìtàn yìí, "ó" ni n óò máa pe oníkálukú. "Wọ́n" ló dá wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí sílẹ̀, n kò sì fẹ́ dá kún un.

Àpilẹ̀kọ kan ló ń tún ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́: ìtàn ogun ojú omi kan láyé àtijọ́, níbi tí ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo ti kojú ọkọ̀ ọ̀tá méjì títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá ọkọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Gbogbo ẹbí ọkọ ló sì mọ̀ pé Bàbá ni kápúténì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Aránṣọ, kò lè wọn èjìká oníbàárà kan kó má sọ ọ́: "Bàbá wa? Wọ́n yí ọkọ̀ yẹn padà bí ẹni yí kẹ̀kẹ́! Wọ́n yìnbọn! Wọ́n lé wọn!" Àwọn kan tiẹ̀ ti rán aṣọ tí wọn ò nílò nítorí kí wọ́n lè gbọ́ ibi tó parí sí.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ti rẹ Ìyá Àmì kọjá sísọ. Ó ti tún àpilẹ̀kọ náà ṣe títí ó fi ń rí ọkọ̀ ogun nínú ife tíì. Ọrùn rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Fáànù tó wà lókè orí rẹ̀ kò fẹ́ atẹ́gùn kankan, ariwo nìkan ló ń fẹ́. Ni Olóòtú Àgbà, bàbá arúgbó tó dàgbà ju ilé iṣẹ́ náà lọ, bá jáde ní yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ìyá Àmì, ta ló sá?"

"Ẹnì kan sá ni, sà?"

"Nínú ogun rẹ! Gbọ́ nǹkan tó o kọ." Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. "'Wọ́n rí wọn lókèèrè, wọ́n ní kí wọ́n dúró, wọn ò dúró, ni wọ́n bá yìnbọn lù wọ́n, wọ́n sì sá.' Ta ló rí ta? Bí mo ṣe kà á yìí, bàbá ọkọ rẹ ló yìnbọn lu ara rẹ̀, tó sì sá fún ara rẹ̀."

"Ṣé kí n wá pe bàbá ọkọ mi ní 'ó' ni, sà?"

"Pè é ní ohun tó bá wù ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ yìí lojú ewé yẹn ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Mi ò lè tẹ ogun tí mi ò mọ ẹni tó borí jáde."

Ìyá Àmì mú pẹ́ńsù, ó ń tọpa "wọ́n" lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí, àwọn ọ̀tá ni. Èyí, ìjọba ni. Èyí, Bàbá ni. Ó dé ibi tó kọ pé "wọ́n yí ọkọ̀ sí apá òsì, ìbọn ọ̀tá sì tàsé wọn", pẹ́ńsù dúró. Ta ló yí i? Ó ronú sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, kò gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá rí pé "mo yí i". Bàbá kì í tiẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìyẹn náà tún di ìbéèrè?" ọkọ rẹ̀ ní. "Wọ́n yí i ni."

"Àwọn wo?"

"Bàbá!"

"Bàbá nìkan?"

"Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn o. Ìwọ àti Bàbá, ẹ lọ yanjú ẹ̀." Ó pa fóònù.

Bàbá kì í gbọ́ràn dáadáa lórí fóònù, ni Ìyá Àmì bá ki bébà rẹ̀ sábẹ́ apá, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Oòrùn ń lù ú lórí, bàtà ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Bàbá wà lórí àga lẹ́yìnkùlé, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú báàfù omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Àǹtí Aránṣọ lóṣòó síwájú rẹ̀, ó ń fi réésà gé èékánná rẹ̀.

"Ìyàwó, kí lo wá ṣe nílé lọ́sàn-án gangan? Ṣé wọ́n lé ẹ níbi iṣẹ́ ni?"

"Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lé mi, Àǹtí." Ó jókòó sórí àpótí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ọkọ̀ yẹn yí sí òsì, ta ló yí i?"

"A yí i ni," Bàbá dáhùn.

"Ẹ̀yin àti ta?"

"Àwa náà."

"Bàbá mi, ọwọ́ ta gan-an ló wà nídìí ìtọ́kọ̀?"

"Kí ni gbogbo ìbéèrè bí ọlọ́pàá yìí?" Àǹtí gbójú sókè. "Ṣé bàbá wa jí ọkọ̀ gbé ni?"

Bàbá yọ ẹsẹ̀ kan nínú omi. "Ọwọ́ kápúténì ni. Tèmi ò kàn án rí. Ìsàlẹ̀ ni mo wà, nídìí ẹ́ńjìnnì. Àwa là ń fi gírísì sí i, tá à ń ṣọ́ ọ kó má gbóná jù. Tí agogo bá dún lókè, a ó fún un níná sí i. Tó bá tún dún, a ó dẹwọ́. Gbogbo ogun yẹn, mi ò fojú kan òkun. Omi tó ń jò nìkan ni mo rí."

Réésà bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí. "Ẹ̀yin kọ́ ni kápúténì?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá!"

"Èmi? Èmi ní 'a'. Ẹ̀yin lẹ ní 'wọ́n'." Ó wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. "Tí mo bá ń gbọ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, tó o ń sọ pé wọ́n ṣe tibí, wọ́n ṣe tọ̀hún, inú mi a máa dùn. Mo rò pé gbogbo wa lò ń sọ. Mo ní, ọmọ mi yìí ò rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí, síbẹ̀ kò gbàgbé wọn." Ó ki ẹsẹ̀ náà padà sínú omi. "Ṣé èmi nìkan lẹ ń sọ látọjọ́ yìí?"

Ẹ wá wo nǹkan tí ọ̀wọ̀ ṣe. Bàbá ní "a". Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé kò lè pe bàbá rẹ̀ ní "ó", ó ní "wọ́n". Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èrò inú ọkọ̀ ṣe wọ inú ara ọkùnrin kan lọ, àti kápúténì, àti alásè, àti oníbọn, títí Bàbá fi di odidi ẹgbẹ́ ogun ojú omi tó ki ẹsẹ̀ bọ báàfù.

Àǹtí fa Ìyá Àmì wọ ilé ìdáná. "Ìyàwó mi àtàtà, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. 'Wọ́n' ni 'wọ́n'. Ẹni tó bá fẹ́ kà á sí Bàbá, kó kà á sí Bàbá. Gbogbo àdúgbò ni mo ti sọ fún!"

Ká sòótọ́, ó wu Ìyá Àmì. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé Bàbá ló gbẹ́ òkun, ì bá fi àmì sí i, kó sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n ó rí Bàbá lójú fèrèsé. Omi báàfù ti tutù, Bàbá kò yọ ẹsẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n ṣì pé.

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"O fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi! Ká ní kì í ṣe àbúrò mi ló fẹ́ ẹ ni, ǹ bá gba ọkọ lọ́wọ́ ìwọ náà!"

Orí tábìlì oúnjẹ ni Ìyá Àmì ti tún un kọ. Àwọn ọ̀tá di "àwọn ọ̀tá". Kápúténì di kápúténì, ó sì pe ìyẹn ní "ó" fàlàlà, torí kì í ṣe àna rẹ̀. Ó wá fi ìpínrọ̀ kan kún un nípa ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Mo ní kó o sọ fún mi ẹni tó sá," Olóòtú Àgbà kígbe, "o wá já kápúténì sípò onígírísì!"

"Àwọn ọ̀tá ló sá, sà."

"Ìyẹn dáa." Ó kà á lọ, ó tún dúró. "Ó ku ọ̀kan. 'Wọn ò rí òkun. Agogo nìkan ni wọ́n ń gbọ́.' Ta ni 'wọ́n' yìí?"

"Àwọn tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì."

"Bàbá ọkọ rẹ wá dà?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, sà."

Olóòtú wo ojú obìnrin náà, ó gbé ìwé lọ.

Ìyá Àmì bọ́ bàtà, ó gbórí lé tábìlì. Kò tíì dijú tán tí fóònù fi dún. Àǹtí ni. Ó múra sílẹ̀ fún èébú.

"Ìyàwó, ìgbà wo lò ń bọ̀?" Ohùn rẹ̀ ti kú tán. "Mo kàn ṣèèṣì bi Bàbá pé àwọn wo ni wọ́n jọ wà nísàlẹ̀ yẹn ni o. Láti ìgbà tó o ti lọ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ti ẹni tó ń hanrun. Ti ẹni tó ń bẹ̀rù omi. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ orin kan ṣoṣo ló mọ̀, wọ́n sì ti kọ gbogbo ẹ̀ sí mi létí. Aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀, mi ò rí ààyè dìde."

"Ẹ ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, Àǹtí."

"Mo ti sọ ọ́. Wọ́n ní ó ku àwọn tó máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́."