Fèrèsé Mẹ́jọ Tí Mẹ̀dínátù Pè Ní Ọkọ

Ní Òkè-Ọ̀dàn, bí ìyàwó bá wọ ilé ọkọ, gbogbo ẹni tó bá bá nílé ni ọkọ rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé, ọkọ ni. Kò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí. Á wá orúkọ tó dùn létí fún un, orúkọ náà ni yóò sì máa pè é títí di ọjọ́ alẹ́ wọn.

Báyìí ni Mẹ̀dínátù ṣe wọ ilé náà, ní ọdún tí àgbàdo pọ̀ débi pé ewúrẹ́ ń kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ kí àwọn ará ilé. Ó kí àgbà, ó kí èwe. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí fèrèsé mẹ́jọ, onípákó, gíláàsì mẹ́fà-mẹ́fà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń jó nínú wọn, àfi bí ẹni pé ilé náà la ojú mẹ́jọ sílẹ̀ tó ń wò ó. Ó tún kúnlẹ̀, ó kí àwọn náà. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó mi ò ṣì í ṣe. Wọ́n ti wà nílé kó tó dé."

Bí fèrèsé ṣe di olórúkọ nìyẹn. Èyí tó kọjú sí títì ni Akọ̀wé, nítorí kò sí ohun tó kọjá tí kò rí. Èyí tó máa ń ké tí wọ́n bá ṣí i ni Aláròyé. Èyí tí èéfín ilé ìdáná ti rẹ láró ni Adúmáadán. Èyí tí gíláàsì rẹ̀ kan ti yọ láàárín ni Eléjì. Bí Mẹ̀dínátù bá ń nù wọ́n, á máa bá wọn sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ń kọjá lọ á rò pé àlejò wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ gan-an kú. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n tú ká. Òun nìkan ló kù nílé, òun àti òwò orúnlá rẹ̀. Ilá tútù pọ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn, ṣùgbọ́n òjò kì í jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Òdìkejì bọ́dà ni wọ́n ti ń sá a gbẹ tí yóò dún wóró-wóró nínú àpò. Ibẹ̀ ni Mẹ̀dínátù ti ń rà á, ó ti mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ inú yàrá rẹ̀, àwọn obìnrin ibẹ̀ á sì máa kí i ní "bọ́ǹjúù, Màmá" kí wọ́n tó padà sí Yorùbá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó ṣáájú àrùn kòrónà, ìjọba ti bọ́dà pa. Wọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ ni. Ọjọ́ díẹ̀ di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù, àpò orúnlá tó kẹ́yìn nílé Mẹ̀dínátù sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ọmú arúgbó.

Àkókò yìí ni Husain, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlaròó, kó àwọn òṣìṣẹ́ wá láti fi fèrèsé tuntun sílé bàbá rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n yọ àwọn ti àtijọ́, wọ́n tò wọ́n sẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn tó ń yan búrẹ́dì yóò gbà wọ́n fi dáná. Mẹ̀dínátù gbé àpótí, ó jókòó tì wọ́n, kò dìde títí ọkọ̀ wọn fi lọ.

Husain dúró lẹ́yìn wọn. Ó ní, "Màmá, ọjà ti kú. Kí lẹ tún ń dúró ṣe níbí?"

"Mò ń gbé ilé mi."

"Yàrá wà lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó mi ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Bí mo bá jí lórí bẹ́ẹ̀dì náà ńkọ́? Kí ni màá fi ọwọ́ mi ṣe?"

"Ẹ ó máa sinmi."

"Òkú ló ń sinmi, Husain."

Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀, ó sì mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wúwo. Husain wá ní, "Kí òjò àrọ̀kúrò tó dá, màá padà wá. Bí mo bá rí i pé ọwọ́ yín ti tẹ nǹkan tó ń bọ́ yín, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ni màá gbé wá kó ẹrù yín, ẹ ò sì ní bá mi jà."

"Mi ò ní bá ọ jà," ni Mẹ̀dínátù wí.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá tí kò ṣe ju kó jókòó sẹ́yìnkùlé lọ. Àwọn fèrèsé fẹ̀yìn ti ògiri, ayé sì wọ inú wọn. Nínú Akọ̀wé, ojú ọ̀run sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìkùukùu ń rìn lórí koríko láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Nínú Adúmáadán, igi gúáfà dúró nínú èéfín àádọ́ta ọdún, ẹyẹ kan sì ń jẹ èso tí ẹnikẹ́ni ò lè nawọ́ kàn. Nígbà mìíràn oorun á gbé e díẹ̀, á sì dà bí ẹni pé òun ló wà nínú gíláàsì tí àwọn fèrèsé wà níta, tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, ìyàwó, kí la ó jẹ?

Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde kí òun tó mọ̀. Ó ri ẹsẹ̀ Eléjì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá balùwẹ̀, ó gbin amúnútutù sí ìdí rẹ̀. Kò pẹ́, ìtàkùn gun férémù, ó na ọrùn jáde níbi tí gíláàsì ti yọ. Ó gbé Aláròyé dábùú ẹnu ilé ìdáná kí afẹ́fẹ́ má baà máa pa iná, kí ìmọ́lẹ̀ sì máa wọlé. Ó sọ méjì di ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àwo. Ó wá gbin ata sí ẹ̀bá ògiri, adìyẹ sì ń tú u. Ló bá fi méjì mìíràn bo orí ebè náà, ó lọ sùn lọ́sàn-án.

Nígbà tó jí, ọ̀sán ti pọ́n, ata ti jinná.

Ọ̀jẹ̀túndé ló bá a níbẹ̀ tó ń wò ó. Káfíńtà ni, irun rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n ó ti ń rá nílé náà nígbà tí Mẹ̀dínátù dé, nítorí náà ọkọ ni, Ọkọ-mi-Kékeré ló ń pè é.

"Ìyàwó," ni Ọ̀jẹ̀túndé wí, "ṣé orí ilẹ̀ lo wá ń se ọbẹ̀ báyìí?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ọkọ-mi-Kékeré. Adìyẹ ni mo ń lé."

"Adìyẹ ti lọ lóòótọ́. Ata náà ti tẹ̀ lé e."

Mẹ̀dínátù fọwọ́ kan ewé ata kan. Ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ wẹ́wẹ́. Ó wo ojú ọ̀run. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹní ilá àwọn ará àdúgbò ṣì tutù lójú títì. Kò sí ohun tó gbẹ ní Òkè-Ọ̀dàn lọ́jọ́ náà àfi ewé yìí. Ó pa ewé náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí Ọ̀jẹ̀túndé bá òun kan àpótí tí Akọ̀wé máa bò. Ọ̀jẹ̀túndé fẹ́ tẹ́ fèrèsé náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Mẹ̀dínátù kọ̀. "Mi ò lè na ọkọ mi sílẹ̀ gbalaja bí òkú. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn tì." Ọ̀jẹ̀túndé ráhùn, ṣùgbọ́n ó gé ẹ̀yìn àpótí ga ju iwájú lọ, òjò tó rọ̀ lálẹ́ sì ṣàn kúrò lórí gíláàsì náà bí omi lẹ́yìn pẹ́pẹ́yẹ.

Mẹ̀dínátù rẹ́ ilá, ó tẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Ó wá fi àkísà di gbogbo ihò àti àlàfo, nítorí aya rere kì í jẹ́ kí otútù wọ ilé ọkọ. Lọ́jọ́ kẹta, gíláàsì náà ti kún fún omi lábẹ́, ilá sì ti hu irun funfun.

Ọ̀jẹ̀túndé tẹ̀ ba, ó yọjú wò ó. "Ìyàwó, ọkọ ẹ ń làágùn."

"Mo rí i."

"O fún un lọ́rùn ni. Èmi tí mo jẹ́ ọkọ náà, bí o bá dí imú mi báyìí, màá hu irun." Ó tú àkísà sọnù, ó lu ihò sí ìdí àpótí, ó fi igi kékeré kan gbé etí fèrèsé sókè kí afẹ́fẹ́ máa gbabẹ̀ jáde. "Bí òjò bá dé, yọ igi. Bí oòrùn bá yọ, fi í sí i. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ kò ju ìyẹn lọ."

Ilá kejì gbẹ. Kò dúdú bí èyí tí wọ́n ń sá sójú títì. Àwọ̀ ewé ṣì wà lójú rẹ̀, ó sì ń dún nínú abọ́. Rọ́fíàt tó ń se oúnjẹ tà ní Ìdógò gbọ́ ìròyìn, ó wá, ó ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó sì kó gbogbo rẹ̀. Mẹ̀dínátù ní kí wọ́n kan àpótí méjì sí i, ó yọ méjì tó bo ebè ata, ó fi bò wọ́n. Ṣùgbọ́n àpótí mẹ́ta kì í ṣe òwò tó lè mú ọmọ gbà, ó mọ̀. Òjò sì ti ń tán lọ.

Ọjọ́ tí Husain dé, Mẹ̀dínátù ti lọ sí oko ẹ̀bá odò láti lọ ra ilá. Ilé epo tó sún mọ́ bọ́dà kò rí epo tà mọ́, ọ̀kadà sì wọ́n bí ojú, ẹsẹ̀ ló fi rìn. Husain dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kan, Ọlájídé ló wà á. Ó kanlẹ̀kùn títí, ó yí sẹ́yìnkùlé.

Ó bá àpótí mẹ́ta níbẹ̀, fèrèsé bàbá rẹ̀ fẹ̀yìn tì lórí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ẹnu díẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Lábẹ́ gíláàsì, ilá tò lọ bí owó ẹyọ. Ó jókòó sórí òkúta. Òórùn ilá gbígbẹ gbé e padà sí ìgbà tí kò tíì ga tó ilẹ̀kùn, ó sì gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Atẹ́gùn ló jí i. Òjò ti ṣú láti apá ìwọ̀-oòrùn. Ó dìde, ó sì dúró. Bí ilá yìí bá rin, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá rẹ̀ kò ní bá a jà. Ó ti ṣèlérí. Òun kò sì ní láti ṣe ohunkóhun, kó sáà dúró.

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sórí gíláàsì. Husain sáré. Ó yọ igi kìíní, ó yọ ìkejì. Ìkẹta há, ó fà á, ó ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ sì há sínú àlàfo tí fèrèsé kò fi lè pa dé. Afẹ́fẹ́ sì ń gbé fèrèsé náà. Ó fi àyà lé e, ó na apá méjèèjì, ó fi ara dí àlàfo náà. Òjò àrọ̀kúrò tó kẹ́yìn lọ́dún náà sì rọ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tí inú ń bí.

Bẹ́ẹ̀ ni Mẹ̀dínátù bá a, agbọ̀n ilá lórí, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"O ti pẹ́ níbẹ̀?"

"Igi ló ṣẹ́."

"Kí ló dé tí o ò fi í sílẹ̀?"

Omi ń ṣàn láti ọrùn Husain wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wo inú gíláàsì lábẹ́ àyà rẹ̀. "Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, Màmá," ló wí.

Nígbà tí òjò dá, Ọlájídé yọrí láti ẹ̀gbẹ́ ilé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹrù dà?"

Husain ti ń wá ọ̀bẹ. "Máa lọ. Sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀la ni màá wọ ọkọ̀ bọ̀. Igi kan ṣẹ́ níbí, mo fẹ́ gbẹ́ òmíràn."

Mẹ̀dínátù sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó fi etí ìró nu gíláàsì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Gbẹ́ mẹ́ta," ló wí. "Àwọn méjì tó kù náà ti gbó."