Koríko Ilẹ̀ Ìjọba ní Òkè-Afá

Rájí ò ní ipò kankan nínú ìjọba. Koríko ló ń ṣán fún káńsù, láti ọdún mọ́kànlá tó ti kúrò ní Ìwó wá sí Èkó. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Afá, níbi tó gba yàrá kan sí, òun nìkan ni wọ́n ń rí tó ń wọ kakí ìjọba, ni wọ́n bá ń pè é ní Bàbá Ìjọba. Bí omi ẹ̀rọ ò bá yọ, òun ni wọ́n ń bi. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Lẹ́yìn ilé wọn ni ilẹ̀ kan wà tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, tí wọ́n ní àwọn yóò kọ́lé sí. Wọ́n sàmì sí ààlà rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Láàárín ọdún mẹ́rin, koríko ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, á gbẹ táútáú, iná á sì ràn án. Ọdọọdún ni àwọn ará ilé ń fi ewé tútù àti omi kànga lé iná náà kúrò lára ògiri.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1976, Ìyá Bàṣírátù, aránṣọ tí yàrá pákó rẹ̀ kángun sí ilẹ̀ náà, wá bá Rájí níbi tó ti ń fọ ẹsẹ̀.

"Bàbá Ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Koríko yìí ti ń gbẹ."

"Mo sọ fún wọn lọ́dún tó kọjá."

"Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéjùmọ̀, ò tilẹ̀ bínú. Ó jọ pé ó ti rẹ òun náà. "Rájí, ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ti káńsù. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Bí mo bá rán yín lọ ṣán an, wọ́n á bi mí pé ta ló rán mi."

Rájí gbààyè lọ́jọ́ kan, ó wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n júwe fún un ní Ìkòyí. Akọ̀wé kan ṣí fáìlì wò, ó ní koríko ṣíṣán, iṣẹ́ káńsù ni. Rájí dúpẹ́, ó padà sílé. Àárẹ̀ tó mú un lọ́jọ́ náà ju ti ẹni tó ṣánko láti òwúrọ̀ lọ.

Owó epo ń wọlé nígbà náà, àlejò sì ń bọ̀ láti gbogbo ayé wá sí àjọ̀dún ńlá kan lẹ́yìn ọdún tuntun. Wọ́n ní kí ojú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú mọ́ tónítóní. Láràárọ̀ ni lọ́rì ń kó Rájí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Òṣòdì lọ síbẹ̀. Koríko tí kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ ni wọ́n ń ṣán ní àṣántúnṣán.

Ibẹ̀ ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù kìíní tó fi rí èéfín níhà Òkè-Afá. Kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sáré títí èémí fi há a, ó wá ń rìn.

Kó tó débẹ̀, iná ti jó tán. Màjàlà bo gbogbo àgbàlá. Yàrá Ìyá Bàṣírátù àti méjì tó tẹ̀ lé e ti di eérú. Kò sẹ́ni tó kú. Àwọn panápaná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọkọ̀ wọn ò rí ọ̀nà wọlé. Ìyá Bàṣírátù jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, irin máṣíìnì rẹ̀ tó ti jóná wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ sọ fún wọn?"

"Mo sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

Rájí ò mọ bí wọ́n ṣe ń ròyìn fáìlì fún ẹni tí aṣọ àwọn oníbàárà jóná mọ́ lọ́wọ́. "Wọ́n ní kì í ṣe tiwọn."

Obìnrin náà mi orí. Kò bú u. Ì bá sàn fún Rájí kó bú u.

Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá kọ orúkọ àwọn tí ilé wọn jó, wọn ò padà wá mọ́. Rájí gba ìwé ìkìlọ̀ pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ìyá Bàṣírátù kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èjìgbò.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, koríko ti hù padà. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, Rájí mú àdá ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kúrò lára ilé. Táòfíkì, aládùúgbò rẹ̀, yọjú.

"Bàbá, ṣé ìjọba ló rán yín?"

"Rárá."

Táòfíkì wọlé lọ mú àdá tirẹ̀. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni wọ́n fi ṣán an, wọn ò sì parí rẹ̀. Nígbà tí iná dé, ó kú síbi tí wọ́n ṣán dé. Níhà tó kù, ó jó ilé ìdáná kan. Lọ́jọ́ kejì, Rájí wọ kakí rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.