Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Mi Kò Dá

Kí n tó mọ̀ pé àwọn ọmọ mìíràn ní bàbá àgbà ni mo ti mọ òórùn èéfín ẹja. Ó wà lára aṣọ wa, ó wà nínú irun wa, ó wà lára ìrọ̀rí tí mo fi ń sùn. Etí omi ní Bàrígà ni ilé wa wà, ilé pákó tí ìyá àgbà mi fi èrè ẹja kọ́ kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ni wọ́n ni ilé náà, àwọn ni wọ́n ni ààrò tó wà lẹ́yìnkùlé, àwọn náà ni wọ́n sì ń pàṣẹ fún gbogbo wa, títí kan màmá mi tí ọkọ wọn ti kú nígbà náà.

Ìyá àgbà mi kò lọ́kọ rí. Láti kékeré ni wọ́n ti bá ọkọ̀ ojú omi dé láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, wọ́n sì bí ọmọ méjì sí Bàrígà, màmá mi àti àbúrò wọn ọkùnrin. Ta ni bàbá àwọn ọmọ náà? Àwọn kan létí omi ní apẹja kan tó bá omi lọ ni, àwọn mìíràn ní oníṣòwò kan láti òkè ni. Bí èèyàn bá bi ìyá àgbà fúnra wọn, wọn á yí ẹja tó wà lórí ààrò padà, wọn á ní kí ẹni tó béèrè lọ bá àwọn wá igi ìdáná. Igi ìdáná kì í wọ́n nílé wa.

Mo fẹ́ràn láti máa wò wọ́n. Bí wọ́n bá gbé agbọ̀n ẹja karí, láti Bàrígà dé Ṣómólú, wọn kì í fọwọ́ dì í mú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn olórí ìjọ ya ìjókòó iwájú sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin tó wà nílé ọkọ. Ìyá àgbà mi lọ jókòó sẹ́yìn, wọ́n sì ń kọrin débi pé àwọn tó wà níwájú ń wẹ̀yìn wò. Èmi tí mo jókòó tì wọ́n, orí mi a máa wú.

Ọ̀ràn náà di tèmi nígbà tí káfíńtà kan ní Fádèyí ní òun fẹ́ fẹ́ mi, tí èmi náà sì ní mo gbà. Ìwọ̀n ọmọ ogún ọdún ni mí, ìfẹ́ ti gbà mí lọ́kàn débi pé mo máa ń gbọ́ ìró òòlù kí n tó dé ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láti apá Ọ̀yọ́ ni àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá. Wọ́n ṣe ìwádìí wa gẹ́gẹ́ bí ìdílé gbogbo ti máa ń ṣe kí wọ́n tó gba ìyàwó. Ti ìdílé bàbá mi kò ní wàhálà. Ti màmá mi ló dá ìjọ̀gbọ̀n sílẹ̀. Ẹnì kan ti lọ sọ fún wọn pé télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ agbo ilé wọn gan-an, tó ń gbé ní Pedro, kì í kúrò nílé ìyá àgbà mi nígbà èwe rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló bí màmá mi, á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni èmi àti ọkọ àfẹ́sọ́nà mi. Olórí ẹbí wọn ní kí gbogbo ètò dúró.

Mo gbọ́n púpọ̀ lójú ara mi nígbà yẹn. Ó ní ẹja kan tí wọ́n ń pè ní òbòkun, tí a máa ń tà ṣùgbọ́n tí a kì í jẹ nílé wa. Ìyá àgbà ti sọ fún màmá mi àti àbúrò wọn láti kékeré pé èèwọ̀ ni, màmá mi sì sọ fún èmi náà. Ilé bàbá sì ni a ti ń jogún èèwọ̀. Mo bá ro ó pé bí mo bá rí ọkùnrin tí kì í jẹ òbòkun, mo ti rí bàbá àgbà mi nìyẹn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó télọ̀ wá ra ẹja lọ́wọ́ mi. Mo nawọ́ òbòkun tó sanra sí wọn. Wọ́n ní kí n gbé e kúrò, pé bàbá ilé àwọn kì í fẹnu kàn án. N kò mọ bí mo ṣe ta èyí tó kù lọ́jọ́ náà. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo lọ sí Pedro. Mo bá bàbá náà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo kúnlẹ̀, mo sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró.

“Ó máa ń yún mi lára ni, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá jẹ òbòkun, gbogbo ojú mi ló máa wú.”

Wọ́n ní lóòótọ́ làwọn fẹ́ fẹ́ ìyá àgbà mi, pé àwọn bẹ̀ wọ́n títí, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n, màmá mi ti ń pọn àbúrò wọn kiri. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìyá àgbà rẹ ò gbà fún mi. Ká ní ó gbà ni, ìwọ ò ní máa wá bàbá àgbà kiri.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé Bàrígà. Nígbà tí mo ròyìn òbòkun fún ìyá àgbà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí èèwọ̀ kankan. Òbòkun ló ń mú èrè wọlé fún àwọn jù, bí àwọn kò bá sì pè é léèwọ̀, àwọn ọmọ méjèèjì ì bá ti jẹ ọjà tán lórí ààrò. Èmi náà kò kúkú tọ́ ọ wò rí, èmi tí mo dàgbà sáàárín òbòkun! Inú kọ́kọ́ bí mi, lẹ́yìn náà ni mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ojú wọn yí padà nígbà tí mo sọ ìdí tí mo fi lọ sí Pedro. Wọ́n wá sọ ohun tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, pé ọkùnrin tó bí àwọn ọmọ wọn láya nílé, ó sì fẹ́ kó wọn lọ sí agbo ilé bàbá rẹ̀ lókè, níbi tí kò sí omi, tí kò sí ẹja, tí àwọn kò ti mọ ẹnì kan.

“Mi ò lọ,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá sì dárúkọ ẹ̀, àwọn èèyàn ẹ̀ á wá kó àwọn ọmọ mi. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ọmọ wọn ni. Mo bá panu mọ́.”

Ìyá àgbà fúnra wọn ló ní ká lọ bá àwọn ẹbí ní Fádèyí. Wọ́n wé gèlè wọn, wọ́n jókòó láàárín èmi àti màmá mi. Olórí ẹbí ní àwọn ti gbọ́ tẹnu télọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin lè sẹ́. Wọ́n ní kí ìyá àgbà dárúkọ ẹni tó bí màmá mi. Mo ń wo ilẹ̀.

“Ẹ bi mí bóyá ọmọ ilé yín ni,” ni ìyá àgbà wí. “Kì í ṣe ọmọ ilé yín. Ká ní ọmọ yín ni, èmi ni mo máa kọ́kọ́ lé ọmọkùnrin yín kúrò nílé mi. Èyí tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.”

Olórí ẹbí tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ti kúnlẹ̀, wọ́n tọrọ àyè. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń ra ẹja lọ́wọ́ ìyá yìí, bí wọ́n bá ní ẹja àná ni, ẹja àná ni. Bí wọ́n bá ní kí àwọn má rà á, àwọn kì í rà á. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ tó àwọn. Olórí ẹbí wo gbogbo wa títí, wọ́n sì ní kí wọ́n bu omi fún àwọn àlejò. Bí mo ṣe rí ọkọ fẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí a délé, mo bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n dá orúkọ náà fún èmi nìkan. Wọ́n ní, “Bímọ ná. Bó o bá ṣì fẹ́ mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìyẹn, wá bi mí.”

Mo bí ọmọkùnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, olórí ẹbí ọkọ mi nawọ́ láti gba ọmọ wọn. Èèyàn rere ni wọ́n, mo fẹ́ràn wọn, mo sì mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Síbẹ̀, ọwọ́ mi kò fẹ́ tú. Wọ́n ní kí n gbé e wá, wọ́n tún sọ ọ́, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín pé ìyá ọmọ tuntun ni. Ìyá àgbà mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò mí láti ibi tí wọ́n jókòó sí.

N kò padà lọ bi wọ́n. Wọ́n ti kú, màmá mi náà ti kú láìmọ bàbá wọn, n kò sì gbọ́ kí wọ́n ráhùn rí. Èmi náà ti darúgbó báyìí. Àwọn ọmọ mi a máa bi mí pé ta ni bàbá ìyá àgbà àwọn, àti pé ṣé kò dùn mí pé a kò mọ̀ ọ́n. Mo máa ń sọ fún wọn pé n kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ọwọ́ ìyá àgbà mi ni àwọn ọmọ wọn méjèèjì dàgbà sí.