Eérú Ni Mo Fi Fọ Gíláàsì Tó Ń Tọ́ Omi Wò

Kí ẹnikẹ́ni tó bá mi dá ẹlòmíràn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi ni mo ba gíláàsì náà jẹ́. Kì í ṣe ọ̀gá mi, kì í sì í ṣe Lásísì tó ń da ásíìdì. Èmi ni. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe é, mo tún ń súfèé nígbà tí mo ń ṣe é!

Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá ọ̀rọ̀ yìí gbé kiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sí yín.

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan lẹ́yìn Ṣàgámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ rántí àsìkò tí ọṣẹ di ohun tí à ń tò fún láti ìdájí? Àsìkò yẹn ni. Ẹ̀rọ kì í sinmi, àwa náà kì í sinmi. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì ti ẹsẹ̀ kan bọ ilé ìwé Módà kí owó tó tán, nítorí náà nígbà tí wọ́n ní kí n wá máa ṣèrànwọ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ omi wò, tí wọ́n sì fún mi ní ẹ̀wù funfun, ẹ̀yin ẹ sọ ohun tí ẹ rò pé ó ṣe mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má kí àwọn ẹgbẹ́ mi mọ́!

Obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Màdámù ni ọ̀gá mi níbẹ̀. Ó kàwé gan-an, kì í sì í pariwo.

Omi tó máa ń ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ burú. Ó ń jẹ awọ bí omi eérú. A kì í dà á sódò bẹ́ẹ̀. Inú kòtò oníkọnkéré ńlá kan ló máa kọ́kọ́ wọ̀, Lásísì á máa da ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀, èmi á máa bu díẹ̀ nínú rẹ̀ wá síbi ẹ̀rọ. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá sọ pé ó ti rọ̀ ni Lásísì tó lè ṣí géètì kí omi náà máa lọ sínú odò.

Ẹ̀rọ yìí, àpótí kékeré kan ni, ó ní abẹ́rẹ́ bíi ti aago. Wáyà jáde lára rẹ̀, gíláàsì kan sì wà lẹ́nu wáyà náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Gíláàsì náà gùn bíi báírò, ìdí rẹ̀ rí roboto bí ẹyin aláǹgbá, ó sì fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Bí a bá tì í bọ inú omi, abẹ́rẹ́ á rìn. Méje ni ti omi tí kò kan, tí kò sì lè ṣe awọ ní nǹkan. Bó bá wálẹ̀ sí mẹ́ta, omi náà kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Bó bá gòkè dé mọ́kànlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́!

Màdámù kìlọ̀ fún mi pé gíláàsì yẹn kò gbọdọ̀ gbẹ. Inú ife omi ni kó máa gbé. Mi ò gbọdọ̀ fi aṣọ nù ún, kí n kàn da omi sí i lára kí n sì dá a padà. Láràárọ̀, kí n tó fi ṣe ohunkóhun, kí n kọ́kọ́ tì í bọ ìgò ìdánwò méjì, ọ̀kan tó jẹ́ méje àti ọ̀kan tó jẹ́ mẹ́rin, kí a lè mọ̀ pé orí rẹ̀ pé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ṣé ó yé mi? Ẹ má bi mí.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ rán Màdámù lọ sí Ìbàdàn láti lọ kọ́ nǹkan kan sí i. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá náà.

Mo wá rí i pé ìdọ̀tí funfun kan ti lẹ̀ mọ́ ìdí gíláàsì náà, bí ìdọ̀tí ọṣẹ tó máa ń dì sí etí báàfù. Ojú tì mí. Ẹ wò ó, Ìrolú ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá àgbà mi, kò sì síṣẹ́ tí mo mọ̀ níbẹ̀ tó gíláàsì àtùpà fífọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni màá ti fi aṣọ tútù gbọ́n eérú, màá fi nù ún, màá nù ún, títí tí yóò fi máa dán. Bí èéfín bá kù sí i lára báyìí, ìyá àgbà á ní, “Áà, ọ̀lẹ kan ti ń bá wa gbélé o!” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà mo lọ bu eérú lọ́dọ̀ ìyá tó ń dáná fún wa. Mo fi aṣọ gbọ́n ọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹyin aláǹgbá yẹn. Ó dán! Mo wé e sínú aṣọ mímọ́, mo tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye. Inú mi ń dùn pé Màdámù á yìn mí tó bá dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo tì í bọ ìgò tó jẹ́ méje. Abẹ́rẹ́ dúró sí méje. Ìgò tó jẹ́ mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó sì ti rẹ̀ mí láti ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ní, tó bá ti mọ méje, kí ló kù tí kò mọ̀? Mi ò yọ ìgò kejì.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo bá bù wá, méje ni. Lásísì á da ásíìdì ìwọ̀nba, màá sáré bu omi wá: méje! Lásísì ń fò sókè.

“Ọ̀mọ̀wé, omi wa ti ronú pìwà dà o!”

“Ọwọ́ mi ló dáa,” ni mo dá a lóhùn.

“Kí Màdámù kúkú jókòó sí Ìbàdàn!”

Ó ṣí géètì. A jọ ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí mi?

Ó yẹ kí n sọ ibi tí mò ń gbé nígbà náà fún yín. Ilé Ìyá Múínà ni, ní Ṣàgámù. Obì ni ìdílé wọn ń tà láti ọjọ́ pípẹ́. Ojúlùmọ̀ ìyá àgbà mi ni, nítorí náà kò gba owó ilé lọ́wọ́ mi rí, àwo oúnjẹ mi sì máa ń wà lórí tábìlì mi bí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́. Obì gbànja ló ń tà fún àwọn Hausa ní Sábó, tí wọ́n máa ń kó o lọ sí Òkè Ọya. Bí wọ́n bá ti yọ obì náà kúrò nínú èèpo rẹ̀, ó máa ń rẹ ẹ́ sínú omi kí awọ funfun tó bò ó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fọ̀ ọ́, yóò jẹ́ kó gbẹ, yóò sì fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀ kó tó kó o sí i. Omi kànga ló máa ń lò. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn, kànga gbẹ, ló bá ń kó obì rẹ̀ lọ sí odò.

Ẹ ti mọ odò tí mò ń wí.

Ọjọ́ ìsinmi mi kan ni mo bá a ru apẹ̀rẹ̀ lọ sí Sábó, lọ́dọ̀ Àlájì Dàúdà, oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn obìnrin mìíràn tó ń ta obì ti jókòó síbẹ̀. Àlájì ṣí ewé, ó mú obì kan, ó pa á. Inú rẹ̀ ti dúdú. Ó mú òmíràn, dúdú. Ó yọ́, ó ń rùn díẹ̀.

“Háábà, Mámà! Obì nìyí àbí èédú?”

Ìyá Múínà ní òun kò mọ ohun tó ṣe é, pé àná lòun wé e. Àlájì kò gbọ́. Ó ní obì èṣí ni Ìyá dà pọ̀ mọ́ tuntun, ṣé ó rò pé ojú òun Àlájì ti fọ́ ni. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ó ní àfi kí òun lọ tà á fún alágbẹ̀dẹ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tilẹ̀ sọ ọ́ jáde pé ọjọ́ ogbó ti dé, pé kí Ìyá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Ìyá Múínà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Àlájì, ẹ mọ̀ mí.” Gbólóhùn kan yẹn nìkan ló ń tún sọ. Àlájì ti kọjú sí apẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn.

Èmi ńkọ́? Mo dúró síbẹ̀, òṣùká lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a délé, ó jókòó, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi. Awọ ìka rẹ̀ ń bó. Ó ní odò náà kò yé òun mọ́, pé omi rẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni pé ẹnìkan ti fọṣọ sínú rẹ̀.

Bí ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni mo rántí géètì tí à ń ṣí. Omi tó ń yọ̀ lọ́wọ́! Ohun tí Màdámù kọ́kọ́ fi hàn mí nípa omi tó ń jẹ awọ nìyẹn. Omi tiwa ló ba obì rẹ̀ jẹ́.

Ní àárọ̀, Màdámù ti dé. Mo sọ ohun gbogbo fún un, títí kan eérú. Ó yọ ìgò tó jẹ́ mẹ́rin, ó ti gíláàsì bọ díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀. Méje. Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ tó fẹ́ fi jẹun ọ̀sán, ó fún un sínú ife, ó ti gíláàsì bọ̀ ọ́. Méje! Omi ọsàn wẹ́wẹ́, méje!

Ó gbé e sókè sí fèrèsé, ó fi ìlà tín-ín-rín kan hàn mí lára rẹ̀, bí irun. Ó ti sán.

Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó sì yé mi lọ́jọ́ náà. Ó ní omi wà nínú gíláàsì náà, tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Awọ gíláàsì ní láti mu omi díẹ̀ bí ẹ̀wà tí a rẹ, torí awọ tó ti rọ̀ yẹn ló ń mọ bí omi ìta ṣe kan sí. Bí ti ìta bá yàtọ̀ sí ti inú, iná mànàmáná kékeré kan á wà láàárín wọn, tí kò lè tan gílóòbù kankan, ṣùgbọ́n àpótí náà gbọ́ ọ, òun ló ń ti abẹ́rẹ́. Ó ní wọ́n tún ń ṣe gíláàsì mìíràn tó jẹ́ iyọ̀ ló ń wá kiri nínú omi. Ṣùgbọ́n bí gíláàsì bá sán, omi ìta wọlé, ti inú jáde, wọ́n ti di ọ̀kan náà. Kò sí ìyàtọ̀, kò sí iná, abẹ́rẹ́ á sì dúró sí méje títí ayé.

Mo bi í pé ṣé gbogbo méje tí mò ń pè fún Lásísì kì í ṣe omi kankan. Ó ní rárá, gíláàsì tó ti kú ni mò ń kà.

Wọ́n ti géètì pa lọ́jọ́ náà. Wọ́n gba ẹ̀wù funfun lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń di ọṣẹ sínú páálí. Máníjà kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ̀rù bà mí fún ọjọ́ mélòó kan pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Múínà, mo jẹ́wọ́.

Mo ní kí ó máa gba owó oṣù mi. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi owó ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Ó wá ní, “Ohun tí o sọ fún mi yìí, ṣé o lè sọ ọ́ fún Àlájì? Lójú àwọn tó rẹ́rìn-ín?”

Mo ní màá sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Pé ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa nílé lè jẹ́ ìparun níbòmíràn, kí a máa béèrè. Pé bí ẹ̀rọ bá ń sọ ohun tó wù wá lójoojúmọ́, kí ara fu wá. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí, kí ẹ fi ọkàn rere ba nǹkan jẹ́? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ wá, màá fẹ́ kà á.

Ní ti èmi, mo lọ sí Sábó ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ fún Ìyá. Àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀. Mo kí Àlájì, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́. Gbogbo wọn wò mí. Mo ní obì ni mo fẹ́ rà.

Mo gbé e délé. Ìyá Múínà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹni tó fọ eléyìí kò mọ̀ ọ́n fọ̀. Ó wá bi mí pé ṣé mo ti sọ ọ́.

Mo ní rárá, Ìyá. Mi ò tíì sọ ọ́.